Báàgì "20 ínṣì": British Airways láti Èkó, Ryanair lọ sí Dublin. Ṣé wọ́n máa gbà á?

Arìnrìnàjò_ÒkèÀdó:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹrù ọwọ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́.

British Airways ló máa gbé mi láti Èkó dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, màá wọ Ryanair ní pápákọ̀ Stansted lọ sí Dublin. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ físà sì ti parí. Mi ò fẹ́ gbé àpótí ńlá kankan. Báàgì kan tó ní táyà mẹ́rin àti báàgì ẹ̀yìn tí láptọ́ọ̀pù máa wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé.

Oníke líle ni báàgì náà. Wọ́n kọ "20 inches, cabin approved" sí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Mo sọ 20 ínṣì di sẹ̀ǹtímítà, ó di 50.8. Ryanair ní àwọn ń gba 55, British Airways ní 56. Ṣé ó ti wọlé nìyẹn?

Mi ò ní òṣùwọ̀n nílé. Ohun tí màá kó ni aṣọ, láptọ́ọ̀pù, power bank 30,000 mAh, èlùbọ́, gàrí díẹ̀, ẹja gbígbẹ àti irú. Ẹ bá mi ṣàlàyé bí màá ṣe wọ̀n ọ́n kí n tó kúrò nílé. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì ni mò ń sá fún.

Tépù_Káfíńtà:

Kò tíì wọlé o. 50.8 yẹn, ara báàgì nìkan ni wọ́n wọ̀n, wọn ò ka táyà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í yọ táyà sílẹ̀, wọn kì í yọ ọwọ́ báàgì, wọn kì í yọ àpò ẹ̀gbẹ́. Láti ilẹ̀ tí táyà tẹ̀ dé ibi tó ga jù lókè ni gíga. Táyà mẹ́rin tó ń yí kiri máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 kún un. Nítorí náà, báàgì tí ọjà ń pè ní 20 ínṣì sábà máa ń jẹ́ 55 tàbí 56 tí ẹ bá fi tépù sí i. Táyà méjì tí wọ́n tẹ̀ wọ inú ara báàgì kì í jẹ àyè tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ gíga kọ́ ló ń fa ìjà ní géètì, ìnípọn ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ (gíga, fífẹ̀, ìnípọn, ní sẹ̀ǹtímítà):

British Airways: báàgì ńlá 56 x 45 x 25, kékeré 40 x 30 x 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tó kílò 23.
Ryanair láìsan owó kún tíkẹ́ẹ̀tì: báàgì kékeré kan ṣoṣo, 40 x 30 x 20, tó máa wọ abẹ́ ìjókòó.
Ryanair pẹ̀lú Priority (àfikún tí wọ́n ń san owó fún lórí tíkẹ́ẹ̀tì): báàgì kékeré yẹn, àti òmíràn 55 x 40 x 20, kílò 10.

Tí ẹ bá rí 40 x 25 x 20 níbì kan fún Ryanair, òfin àtijọ́ nìyẹn. Ọdún 2025 ni wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un.

Ẹ wá fojú sí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. British Airways fún yín ní 25, Ryanair fún yín ní 20. Báàgì oníke 20 ínṣì tó wà lọ́jà kì í sábà dín ní 22, òmíràn tó 24. Báàgì aṣọ ṣì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wọ inú férémù irin tí wọ́n gbé sí géètì láti fi dán báàgì wò. Oníke líle kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan pọ̀ jù, kò ní wọ̀ ọ́, ibi tó dúró sí yẹn lojú gbogbo èèyàn á ti rí i.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Tépù irin ti káfíńtà ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti télọ̀. Ti télọ̀ máa ń tẹ̀ lé ibi tí báàgì ti wú, nọ́ńbà tó máa fún yín kì í ṣe ti férémù. Ẹ di ẹrù sínú rẹ̀ tán, ẹ pa síìpù dé, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gíga: ẹ ti ọwọ́ ìfà wọlé pátápátá, ẹ dá báàgì dúró lórí táyà, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ gbé ìwé ńlá tó ní èèpo líle lé e lórí, kí etí ìwé náà kan ògiri kó má bàa dagun. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìwé.

Fífẹ̀: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan ti ògiri, ẹ fi ìwé ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wọn láti ògiri dé inú ìwé. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e wà nínú ìṣirò o, òun nìkan lè tó sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ìnípọn: ẹ̀yìn sí ògiri, ìwé sí iwájú, níbi tí ikùn báàgì ti yọ jù. Tí báàgì bá ní àpò iwájú, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ máa fi síbẹ̀ gan-an sí i kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ṣájà láptọ́ọ̀pù nìkan ti tó láti ba ìṣirò jẹ́.

Ẹ kíyè sí ìsàlẹ̀ ògiri. Tí wọ́n bá lẹ táìlì mọ́ ọn, tí táìlì náà sì yọ síta díẹ̀, táyà máa gbá a, báàgì ò sì ní kan ògiri gan-an. Ẹ lo ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù nígbà yẹn.

Olóṣùwọ̀n:

Tépù_Káfíńtà ti sọ ti gígùn àti ìbú. Ẹ jẹ́ n mú ti kílò.

Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, tó ní ìkọ́ tàbí okùn nísàlẹ̀, ló yẹ kẹ́ ẹ rà. Kì í wọ́n, ẹ sì lè gbé e dání fún ìrìn àbọ̀. Àwọn ohun tó máa ń mú kó purọ́ nìyí: ẹni tó tàn án nígbà tí báàgì ti wà lórí ìkọ́ (ẹ tàn án lófìfo, ẹ dúró kó sọ 0.0, kẹ́ ẹ tó fi ìkọ́ sí i), báàgì tó fara kan ẹsẹ̀ tàbí ilẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, bátìrì tó ti fẹ́ kú. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ mú un dúró jẹ́ẹ́ títí nọ́ńbà á fi dúró tàbí tó fi dún. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ bóyá kg ló kọ tàbí lb. Kílò 10 jẹ́ lb 22, nítorí náà ẹni tó rí 18 tí àyà rẹ̀ já, ó lè jẹ́ pé kílò 8 ló ń wò.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Páàkì omi inú ike ti 75 cl, tó jẹ́ méjìlá, jẹ́ lítà 9. Tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n ike rẹ̀ kún un, òṣùwọ̀n yín yẹ kó mú nǹkan bíi 9.2 sí 9.4. Tó bá mú 8.7 tàbí 10, ẹ mọ iye tó ń fi purọ́, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹ má fi àpò pure water dán an wò. Wọ́n ní 50 cl lọ́nà ogún ni, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rá míì kì í kún.

Tẹ́ ẹ bá ní èyí tí wọ́n ń gun, ẹ kọ́kọ́ gùn ún láìgbé nǹkan, ẹ tún gùn ún pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Orí ilẹ̀ táìlì tàbí sìmẹ́ńtì ni o, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ lè fi kílò kan ṣì yín lọ́nà, nítorí náà kò yẹ fún ẹrù tó wà létí òfin.

Tí kò bá sí ìkankan, ẹ lọ sí ilé ẹja dídì tó wà ládùúgbò. Kílò ni wọ́n fi ń ta titus àti panla, òṣùwọ̀n wọn sì máa ń gba ẹrù dáadáa. Ẹ kàn fi ọ̀rá wé báàgì kẹ́ ẹ tó gbé e lé e, kí ọkọ̀ òfurufú má bàa gbóòórùn yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ fi ìdajì kílò sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Tí òfin bá jẹ́ 10, ẹ dúró ní 9.5. Òṣùwọ̀n tiwọn náà kì í ṣe ọ̀kan náà láti kàùńtà dé kàùńtà, ẹ kò sì ní ráyè bá wọn jiyàn.

Arìnrìnàjò_ÒkèÀdó:

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí, mo lo ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù torí táìlì. Gíga 56, fífẹ̀ 37, ìnípọn 23.5. Báàgì náà lófìfo jẹ́ kílò 3.1. Báàgì ẹ̀yìn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti ṣájà jẹ́ 43 x 31 x 17. Mo ti ra Priority ti Ryanair. Kí ni kí n ṣe? Ṣé "cabin approved" tí wọ́n kọ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan ni?

Ọmọ_Gatwick:

Ẹni tó ń ta báàgì ló kọ "cabin approved" yẹn. Kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tó fọwọ́ sí i. Ẹ lè rí èyí tí wọ́n kọ IATA sí lára pẹ̀lú. IATA, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, gbìyànjú irú rẹ̀ ní June 2015. Wọ́n dá àbá kan pé kí báàgì tó bá jẹ́ 55 x 35 x 20 gba àmì "Cabin OK". Ariwo pọ̀, wọ́n sì dá a dúró kí oṣù náà tó parí. Òfin ẹni tó ni bàálù ni òfin, lébẹ́ẹ̀lì ò lè gbà yín sílẹ̀.

Lórí báàgì yín, ní British Airways, 56 x 37 x 23.5 wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíga ti gbá òfin gan-an. Báàgì ẹ̀yìn yín ló máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. 17 ti kọjá 15, 43 ti kọjá 40. Ẹ yọ ṣájà kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú báàgì ńlá, ẹ ká orí báàgì ẹ̀yìn náà wálẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ló ń lọ, tó bá ti wọbẹ̀, kò sí wàhálà.

Ní Ryanair, báàgì ńlá yẹn ò wọlé. Gíga fi 1 pọ̀ jù, ìnípọn fi 3.5 pọ̀ jù, oníke líle sì ni. Priority tẹ́ ẹ rà kò yí èyí padà. Wọ́n lè gba owó tó tó pọ́n-ùn 75 lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì fi báàgì náà ránṣẹ́ sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí báàgì aṣọ tó ní táyà méjì, tí gbogbo ìta rẹ̀ jẹ́ 55 x 35 x 20 tàbí kó dín. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í tó kílò 2.5, ẹ ti jèrè ìwọ̀n nìyẹn. Tó bá ní síìpù kejì tó ń mú kó fẹ̀ sí i, ẹ rán an pa tàbí kẹ́ ẹ so ó, ẹ má ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Síìpù yẹn máa ń fi sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 kún ìnípọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, ẹ fi báàgì oníke yẹn lọ, kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì Ryanair ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, kẹ́ ẹ ra ẹrù abẹ́ ọkọ̀ kílò 20 kún tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Kí ẹ má ṣe ra ẹrù abẹ́ ọkọ̀ kílò 10 o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló máa gba báàgì tó tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n 55 x 40 x 20 náà ni wọ́n kọ sí i.

Tépù_Káfíńtà:

Mo fara mọ́ Ọmọ_Gatwick, àmọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èmi máa yàn. Ẹrù kílò 20 lọ sí Dublin, kílò 20 bọ̀, owó yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra báàgì aṣọ tuntun.

Tẹ́ ẹ bá lọ ra òmíràn, ẹ mú tépù dání lọ sí ọjà. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ̀yìn sí ògiri. Tí ìnípọn rẹ̀ lófìfo bá ti jẹ́ 20 géérégé, ẹ fi sílẹ̀, torí ẹrù á mú un wú sí 22. Èyí tó jẹ́ 18 lófìfo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ tí táyà wà, torí irin inú rẹ̀ kì í tẹ̀. Aṣọ iwájú lè rọ̀, ṣùgbọ́n tí igun yẹn bá ti jẹ́ 21, férémù máa gbá a níbẹ̀.

Ẹ tún lè ṣe férémù tiyín. Ẹ wá páálí líle, irú èyí tí wọ́n fi ń kó tẹlifíṣọ̀n wá. Ẹ gé e kẹ́ ẹ fi ṣe àpótí kan tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí inú rẹ̀ jẹ́ 40 x 20, kó ga tó 55, ẹ fi sẹ́lótéèpù gbòòrò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ni kẹ́ ẹ wọ̀n, torí páálí náà nípọn. Tí báàgì tẹ́ ẹ ti di ẹrù sí bá wọlé láti òkè, tó sì jáde láìfà, ó ti yege. Tẹ́ ẹ bá ní láti fi orúnkún tì í, kò yege.

Wáyà_àti_Bátìrì:

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti power bank, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín pátápátá.

Òfin ò ka mAh, Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú bátìrì) ló ń kà. Ẹ fi 1000 pín mAh, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀. 10,000 jẹ́ 37. 20,000 jẹ́ 74. 30,000 jẹ́ 111. Láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, 100 Wh lòpin. Láti 100 sí 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú. Ohun tó bá kọjá 160 kò wọ ọkọ̀ èrò rárá. Tiyín wà láàárín, ó túmọ̀ sí pé British Airways gbọ́dọ̀ gbà, Ryanair náà gbọ́dọ̀ gbà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ mú 20,000.

Ẹ má fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé ẹ rí 5V lára rẹ̀. 5V ni iná tó ń jáde sí fóònù. Bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 3.7V, òun ni ìṣirò ń lò. Tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́ tí kò ṣeé kà mọ́, wọ́n lè gbà á, torí wọn ò mọ iye tó jẹ́.

Power bank kì í lọ sí abẹ́ ọkọ̀ láé, ọ̀dọ̀ yín nínú ọkọ̀ ló ń wà. Ìdí ni pé tí bátìrì lithium bá gbóná tó sì gbiná lókè, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè rí èéfín rẹ̀ kí wọ́n sì pa á. Lábẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀.

Ibi tí ẹrù ọwọ́ ti bá èyí mu nìyí. Tí ọkọ̀ bá kún, British Airways lè ní kẹ́ ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ lẹ́nu géètì kó lọ sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Báàgì kékeré tó wọ abẹ́ ìjókòó kì í bá a lọ. Nítorí náà, inú báàgì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kó power bank, láptọ́ọ̀pù, oògùn, ìwé ìrìnnà àti owó sí láti ilé. Ẹni tó kó wọn sí ìsàlẹ̀ báàgì ńlá á máa fi ìkánjú tú aṣọ sílẹ̀ níwájú èrò.

Tí báàgì tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá ní ihò USB fún ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rí i dájú pé bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Tí kò bá ṣeé yọ, wọ́n lè máà gbà á rárá.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́:

Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ti oúnjẹ.

Irú ni kí o kọ́kọ́ ronú lé. Irú wòró tí wọ́n ti sá gbẹ dáadáa kì í dá wàhálà sílẹ̀. Irú pẹ̀tẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹn ni wọ́n máa ń kà pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣàn. Ohun tó bá ń ṣàn, tó ń yọ̀, tó ṣeé fi ọ̀bẹ pa sórí búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kọ̀ọ̀kan, àfi bí pápákọ̀ náà bá ti kéde pé òun yí òfin padà. Ike ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tó kù nínú rẹ̀. Ike mílílítà 250 tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á gbà á. Epo pupa, ọbẹ̀ ata, ògì tútù, oyin, ìpara, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kí o má sọ pé ọbẹ̀ náà ti dì bíi yìnyín. Yóò yọ́, wọ́n sì mọ̀.

Èlùbọ́ àti gàrí lè wọ inú ẹrù ọwọ́ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kàn mọ̀ pé wọ́n máa ń hàn bí òkúta dúdú kan lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú báàgì, wọ́n á sì ní kí o ṣí i. Fi wọ́n sókè lábẹ́ síìpù, má sin wọ́n sábẹ́ aṣọ. Kílò kan kílò kan ni kí o dì í, nínú ọ̀rá méjì, kí o lẹ ẹnu rẹ̀, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí láti June 2018 ni wọ́n ti ń yẹ ohun lúbúlúbú tó bá ju mílílítà 350 lọ wò lọ́tọ̀. Tí wọn ò bá mọ ohun tó jẹ́, wọ́n lè dá a dúró. Abẹ́ ọkọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ẹja gbígbẹ: ṣẹ́ ìrù àti lẹbẹ rẹ̀ kúrò, torí wọ́n máa ń gún ọ̀rá, òórùn á sì jáde. Fi ìwé ìròyìn wé e kí o tó fi sí ọ̀rá, kí o tún gbé ọ̀rá náà sínú ike onídèérí. Má fi pọ̀nmọ́, kílíṣí, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà kún un. Ilẹ̀ Britain kò gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà, Ireland náà ò gbà á.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Kílò 10 ni Ryanair fún ẹ. Tí báàgì bá jẹ́ 2.3, tí o fi ìdajì sílẹ̀ bí Olóṣùwọ̀n ṣe wí, ó ku kílò 7.2. Èlùbọ́ méjì, gàrí kan, ẹja kan, ó ku 3.2 fún aṣọ àti bàtà. Wọ bàtà tó wúwo jù sẹ́sẹ̀, kí o wọ kóòtù náà sọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ń wọn ohun tó wà lára.

Àjàlá_Ìbàdàn:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi nǹkan kún un. Èmi ò ní gba British. Qatar tàbí Ethiopian ni mò ń wò. Ṣé báàgì kan náà á ṣiṣẹ́? Ẹnìkan tún sọ fún mi pé ilé ẹjọ́ ní Yúróòpù ti ní kí wọ́n má gba owó ẹrù ọwọ́ mọ́.

Ọmọ_Gatwick:

Àjàlá, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá níbẹ̀, torí kílò ni àwọn yẹn ń ṣọ́. Fún ìjókòó Economy:

Qatar Airways: 50 x 37 x 25, kílò 7.
Ethiopian: 55 x 40 x 23, kílò 7.
Emirates: 55 x 38 x 22, kílò 7.
Turkish àti Lufthansa: 55 x 40 x 23, kílò 8.
Virgin Atlantic: 56 x 36 x 23, kílò 10.
Air France àti KLM: 55 x 35 x 25, kílò 12. Ìyẹn jẹ́ àpapọ̀ báàgì ńlá àti kékeré, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Delta: 56 x 35 x 23, wọn kì í sábà ka kílò.

Ẹ rí Qatar yẹn? 25 ni ìnípọn, àmọ́ 50 péré ni gíga. Báàgì "20 ínṣì" tí táyà ti gbé dé 55 ti ṣubú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Báàgì oníke kílò 3.1 nínú òfin kílò 7 sì túmọ̀ sí pé kílò 3.9 ló kù fún ẹrù gan-an. Láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú bàtà kan ti gba ìdajì rẹ̀. Láti Èkó, wọ́n lè gbé ẹrù ọwọ́ yín lé òṣùwọ̀n ní kàùńtà kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ìwọkọ̀, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò láti ilé.

Tó bá jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ló ní ọkọ̀ méjì tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń wà, ẹ wo orúkọ ẹni tó ń fò gan-an lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà tó kéré jù nínú gíga, tó kéré jù nínú fífẹ̀, tó kéré jù nínú ìnípọn, tó kéré jù nínú kílò. Báàgì tó bá bá gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu ló máa dé ibi tí ẹ ń lọ.

Ní ti ilé ẹjọ́, ohun kan wà níbẹ̀. Ní September 2014, ilé ẹjọ́ Àjọ Yúróòpù sọ pé ẹrù ọwọ́ tó bá bọ́ sí ìwọ̀n tó mọ́gbọ́n wá kò yẹ kó ní owó lọ́tọ̀. Ní November 2024, ìjọba Spain bu ìtanràn mílíọ̀nù 179 Euro lé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ márùn-ún lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ryanair wà lára wọn, wọ́n sì fàáké kọ́rí. Òṣìṣẹ́ tó dúró sí géètì ní Stansted ò ní gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣẹjọ́, kó kọ́kọ́ san án, kó gba rìsíìtì.

Arìnrìnàjò_ÒkèÀdó:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Báàgì aṣọ ni màá rà, power bank á dúró sílé. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè kó báàgì ẹ̀yìn mi sínú báàgì ńlá tí mo bá dé kàùńtà, kí n wá yọ ọ́ jáde tí mo bá wọ ọkọ̀ tán?

Olóṣùwọ̀n:

Ní British Airways ẹ ò nílò rẹ̀, báàgì méjì ni wọ́n fún yín. Ní Ryanair, ẹ ti ra Priority, méjì náà ni. Tẹ́ ẹ bá kó láptọ́ọ̀pù kílò 2 sínú báàgì tó ti jẹ́ 9.5, ẹ ti fọwọ́ ara yín gbé e dé 11.5. Ẹ jẹ́ kó wà léjìká. Ẹ kàn rí i pé báàgì ẹ̀yìn náà kò ju 40 x 30 x 20 lọ tẹ́ ẹ bá ká orí rẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ìgò omi kúrò ní àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dúró sórí ìlà. Ìgò yẹn nìkan ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 7 kún fífẹ̀ rẹ̀.